A Ti Ti Fáìlì Pa, Kọ́kọ́rọ́ Ńkọ́?

Pásíwọ́ọ̀dù tí à ń tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó gbà wá wọlé kì í ṣe encryption, ìyẹn fífi ìṣirò ti fáìlì pa kí ẹlòmíràn má lè kà á. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ni àṣìmọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ní ohun ìkọ̀kọ̀ lórí ẹ̀rọ wọn. "Ṣebí mo ti fi pásíwọ́ọ̀dù sí i." Òótọ́ ni, ẹ ti fi sí i. Ṣùgbọ́n Windows, tàbí ètò yòówù tó ń darí ẹ̀rọ yín, ló ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù yẹn. Bí Windows kò bá jí, kò sẹ́ni tí yóò béèrè. Kí ẹnì kan tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kó yọ dísìkì inú rẹ̀, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo fáìlì yín ni yóò tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò tilẹ̀ di dandan kó tú nǹkan kan. Ó lè gbé Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí fíláàṣì, kó tan ẹ̀rọ yín láti orí fíláàṣì náà, kó sì máa ṣí fọ́ldà bó ṣe wù ú. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilé náà kò ní ògiri.

Kì í ṣe àwa aráalé nìkan ni èyí ń rú lójú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwo CD méjì ti sọnù lójú ọ̀nà láti ilé-iṣẹ́ owó-orí wọn sí ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò. Orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti àkáǹtì báǹkì àwọn ìdílé tó ń gba owó ìrànwọ́ ọmọ ló wà lórí wọn, èèyàn bíi mílíọ̀nù 25. Pásíwọ́ọ̀dù wà lórí àwo náà. Encryption kò sí.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, olè wọ ilé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká pẹ̀lú dísìkì tí wọ́n ń so mọ́ ọn lọ. Àkọsílẹ̀ nípa mílíọ̀nù 26.5 èèyàn, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí ló pọ̀ jù nínú wọn, ló bá ẹrù náà lọ, kò sì sí encryption lórí rẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀rọ náà gbà padà kí oṣù kẹfà tó parí, FBI sì sọ pé kò jọ pé ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2009, ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 20 dọ́là kí ẹjọ́ tí wọ́n pè é lé e lórí lè parí. Ohun tó máa ń dà mí láàmú nínú ìtàn yìí ni pé, bí a bá wo bó ṣe parí, olè náà lè má mọ ohun tó gbé. Kọ̀ǹpútà ló wá jí. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé: ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ tà, ayé wa kàn wà nínú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí èèyàn tó yan irinṣẹ́ kankan, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ń sá fún. Lórí kọ̀ǹpútà ilé, kì í sábà jẹ́ amí ìjọba kankan. Olè ni, tàbí ẹni tí a gbé e fún pé kó bá wa tún un ṣe, tàbí ẹni tó ra dísìkì àlòkù lọ́wọ́ wa, tàbí ẹni tí à ń bá gbé inú ilé kan náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò dùn ún sọ, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ṣe máa ń fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìyà tí ẹni tó fẹ́ fi ń jẹ ẹ́, kó lè rí nǹkan fi han adájọ́ lọ́jọ́ kan, kò lè fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ohun tó yẹ ẹ́ sì yàtọ̀ sí ohun tó yẹ ẹni tó ń bẹ̀rù olè. N óò padà sórí rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ìtàn tó yẹ ká rántí ni ti òṣèré kan ní Hong Kong, tí àwòrán ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń pín kiri ní ọdún 2008. Kò sí pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń já ẹ̀rọ oníẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ bàjẹ́, ó gbé e fún àtúnṣe, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ sì da àwòrán náà kọ. Ilé-ẹjọ́ fi òṣìṣẹ́ yẹn sẹ́wọ̀n ní ọdún 2009. Àwòrán kò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ìyẹn.

Ẹnì kan lè ní kí ni kò jẹ́ kí èèyàn pa ohun tí kò fẹ́ kí aráyé rí rẹ́ kó tó gbé ẹ̀rọ jáde. Pípa rẹ́ kò tó. Bí a bá pa fáìlì rẹ́, orúkọ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìwé orúkọ tirẹ̀. Ohun tó wà nínú fáìlì náà lè ṣì wà níbi tó wà títí tí nǹkan mìíràn yóò fi gba ààyè rẹ̀. Lórí dísìkì àtijọ́ tó ń yí, èèyàn lè fipá kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Lórí SSD, dísìkì òde òní tí kì í yí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Dísìkì náà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí yóò kọ nǹkan sí kí apá kan rẹ̀ má baà tètè gbó, ohun tí ẹ rò pé ẹ kọ lé ti àkọ́kọ́ lórí lè ti lọ síbòmíràn, kí ti àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀ digbí. Èyí ló fi jẹ́ pé ìgbà tí encryption dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí dísìkì ṣì ṣófo. Fáìlì tí kò tíì fìgbà kan wà lórí dísìkì náà ní ìhòòhò kò ní fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá rà á.

Kí ni encryption ń ṣe gan-an? Ó mú gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì, ó fi ìṣirò pò ó mọ́ nọ́ńbà ńlá kan, títí tí ohun tó kù kò fi yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí a kàn dà sílẹ̀ láìlétò. Nọ́ńbà ńlá yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ní in lè ṣe ìṣirò náà padà sẹ́yìn. Ẹni tí kò ní in kò rí nǹkan kan kà. Ọ̀nà tí ìṣirò náà ń gbà kì í sì í ṣe àṣírí. Láti ọdún 1883 ni Auguste Kerckhoffs, onímọ̀ èdè kan, ti kọ ọ́ pé kò yẹ kí ètò ọ̀rọ̀ àṣírí bàjẹ́ bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló yẹ kó fara pamọ́. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an, mo sì máa ń fi dán ọjà wò: ilé-iṣẹ́ tó bá ní "ọgbọ́n àṣírí" kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn jìnnà sí wọn.

AES ni orúkọ ìṣirò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ ń lò lónìí. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é. Wọ́n fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn díje ní gbangba, ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di ìlànà ní oṣù kọkànlá ọdún 2001. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. DES ni wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀ láti ọdún 1977, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì ju bit 56 lọ. (Bit ni òdo tàbí ookan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà.) Ní ọdún 1998, Electronic Frontier Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kan ẹ̀rọ kan tó ń gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí èyí tó ń wá láàárín wákàtí 56.

Kọ́kọ́rọ́ AES tó kéré jù jẹ́ bit 128. Àwọn kan á gbọ́ pé 128 kò tilẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta 56, wọ́n á sì rò pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bit kan tí a bá fi kún un ń sọ iṣẹ́ tí ọ̀tá ní láti ṣe di ìlọ́po méjì. Ẹ mú wákàtí 56, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ tún èsì rẹ̀ sọ di ìlọ́po méjì, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 72. Nígbà tí ẹ bá ṣe é dé ìgbà kẹrìnlá, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ó sì ku ìgbà 58. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ òde òní yára ju ti 1998 lọ fíìfíì. Bí ó yára ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan, ogún ìgbà péré ni ìyẹn yọ kúrò nínú 72.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó máa lu AES fúnra rẹ̀ kó tó ka ìwé owó ilé yín. Ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà.

Ọ̀nà yẹn hàn bí a bá mọ̀ pé pásíwọ́ọ̀dù yín kọ́ ló ń ti fáìlì yín ní tààràtà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń ṣà nọ́ńbà ńlá kan láìlétò, òun ló sì ń fi ti gbogbo dísìkì. Pásíwọ́ọ̀dù yín ló wá ń ti nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà tí a ti tì yìí máa ń jókòó sí apá kékeré kan lórí dísìkì, níwájú pátápátá lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ń pè ní header. Ọ̀pọ̀ ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ló ti ibí yìí wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè yí pásíwọ́ọ̀dù padà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lórí dísìkì tó gba odidi ọjọ́ kan láti tì: nọ́ńbà nìkan la tún tì, fáìlì kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dísìkì kan fi lè ní pásíwọ́ọ̀dù púpọ̀. LUKS, irinṣẹ́ tí Linux fi ń ti dísìkì, fàyè gba mẹ́jọ ní ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí nọ́ńbà kan náà. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé bí header bá bàjẹ́, tí kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan, ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù dáadáa àti olè ti di ọgbọọgba.

Encryption kì í pa ewu rẹ́. Ewu tó tàn káàkiri orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ló ń kó jọ sórí nǹkan kan ṣoṣo, ìyẹn kọ́kọ́rọ́. Èyí jẹ́ èrè ńlá, nítorí ó rọrùn láti ṣọ́ ohun kékeré kan ju láti ṣọ́ ohun ńlá lọ. Àfi kí a rántí láti ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí mo ti kà máa ń parí síbi tí ẹ̀rọ ti ní "ó ti parí". Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú pásíwọ́ọ̀dù kọ́kọ́. Ẹni tó bá jí dísìkì yín kò ní wá síwájú yín láti máa méfò. Yóò da header kọ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá a méfò tọ̀sántòru. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ mọ èyí, nítorí náà wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan falẹ̀. Argon2, ìṣirò tó ń sọ pásíwọ́ọ̀dù di kọ́kọ́rọ́, tó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje kan tó parí ní ọdún 2015, máa ń béèrè RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) púpọ̀ fún ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó to ẹ̀rọ tí ń méfò jọ rẹpẹtẹ má baà rí i ṣe ní ọ̀pọ̀ kánmọ́kánmọ́. LUKS2, ẹ̀yà tuntun LUKS, ń lò ó. Ó dára, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹni tó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i ṣe pásíwọ́ọ̀dù là.

Ohun tí mo fara mọ́ ni ọ̀nà Diceware, tí Arnold Reinhold gbé jáde ní ọdún 1995. Ẹ ju dáìsì márùn-ún, ẹ ka nọ́ńbà tó jáde, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó bá a mu nínú ìwé ọ̀rọ̀ 7,776. Ẹ tún un ṣe títí ẹ fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà yìí lẹ gbà, tó tilẹ̀ ní ìwé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, yóò ṣì ní láti la 7,776 × 7,776 × 7,776 × 7,776 × 7,776 × 7,776 kọjá. Èsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà oníka 24. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà sì rọrùn láti rántí ju "P@55w0rd!" lọ, èyí tí kò le fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ni ín. Kí dáìsì mú un fún yín ni kókó ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ yàn máa ń tẹ̀lé ìṣesí rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ní àwọn á lo òwe gígùn kan. Òwe wà nínú ìwé, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń méfò sì máa ń kó irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ jọ.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ńkọ́? Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí ó bá ṣáà jẹ́ pé dáìsì ló mú un láti inú ìwé ọ̀rọ̀ tó nípọn. Ẹ kàn má fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i. Ojú ibi tí wọ́n ti ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù dísìkì máa ń yọ kí Windows tàbí Linux tó jí, àtẹ ìtẹ̀wé ti Amẹ́ríkà lásán ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ óò tẹ "ọ" títí, kò ní jáde.

Ní ti irinṣẹ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń dára jù. Mac ní FileVault láti ọdún 2003. Fọ́ldà oníǹkan nìkan ló ń tì nígbà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti odidi dísìkì ní ọdún 2011. Linux ní LUKS. Windows ní BitLocker láti ìgbà Vista ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n kì í sí nínú Windows Home. Èyí tí Home ní ni ohun tí wọ́n ń pè ní Device encryption, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ẹ lè yí padà nínú rẹ̀. Méjèèjì sábà máa ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ TPM lára ẹ̀rọ náà, tí kì í yọ ọ́ sílẹ̀ àfi bí ẹ̀rọ bá jí bó ṣe yẹ kó jí. Lọ́nà yìí, ẹni tó yọ dísìkì lọ kò rí nǹkan kan, pásíwọ́ọ̀dù ìwọlé Windows sì wá di ohun tó ní ìtumọ̀.

Láti ẹ̀yà 24H2 ti Windows 11, tó jáde ní ọdún 2024, Device encryption máa ń tan ara rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun bí a bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Ó túmọ̀ sí pé àwọn kan tó ń ka èyí ní encryption, wọn kò sì mọ̀. Nọ́ńbà oníka 48 kan wà, recovery key ni wọ́n ń pè é, tó ti lọ jókòó sínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ Microsoft. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ pátákó inú ẹ̀rọ náà, ojú búlúù kan lè yọ tí yóò máa béèrè nọ́ńbà yẹn, ẹni tí kò bá sì rántí àkáǹtì tó lò lọ́jọ́ tó ra kọ̀ǹpútà yóò jókòó wo fáìlì ara rẹ̀ láti ìta. Ẹ lọ wá nọ́ńbà náà lónìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé ó dára kí kọ́kọ́rọ́ wa wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan? Àwọn kan á bínú sí ìdáhùn mi: fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni. Olè kò ní àkáǹtì yín. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kò ní in. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ lè gbé e fún ẹni tí òfin bá ní kó gbé e fún, ẹni tó bá sì gba àkáǹtì yín lọ́wọ́ yín ti gba kọ́kọ́rọ́ náà. Oníròyìn tó ń dáàbò bo ẹni tó sọ̀rọ̀ fún un kò gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò ara lè gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ yín nìkan, tàbí kí fáìlì kan náà ṣe é ṣí lórí Windows, Mac àti Linux, VeraCrypt ni mo máa ń dárúkọ. Ó ní ìtàn. TrueCrypt, tó jáde ní ọdún 2004, ni gbogbo èèyàn ń lò ṣáájú rẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ kò sì fi orúkọ wọn hàn rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2014, wọ́n kàn kọ ọ́ sójú ìwé wọn pé kò láàbò mọ́, ó ṣeé ṣe kí ó ní àléébù tí wọn kò tíì tún ṣe, wọ́n sì lọ. Àwọn onímọ̀ tó tú u wò fínnífínní kéde ní ọdún 2015 pé àwọn kò rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kankan tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú rẹ̀. Mounir Idrassi ti mú iṣẹ́ náà láti ọdún 2013, ó ń tún un ṣe lórúkọ VeraCrypt. Kerckhoffs ni mo tún rántí níbẹ̀: nítorí pé ìwé ètò náà wà ní gbangba, lílọ àwọn tó kọ ọ́ kò pa á.

VeraCrypt lè ṣe fáìlì ńlá kan tí yóò máa hùwà bí dísìkì nígbà tí ẹ bá ṣí i, tí yóò sì di ohun tí kò ṣeé kà nígbà tí ẹ bá tì í. Èyí ló wúlò fún ẹni tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ń bá ẹlòmíràn lo kọ̀ǹpútà kan. Títi odidi dísìkì kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé àwọn méjèèjì ló mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń jò. Ètò tí ẹ fi ṣí ìwé inú rẹ̀ lè da ẹ̀dà onígbà díẹ̀ sórí dísìkì lásán, kó kọ orúkọ fáìlì náà sínú àwọn tí ẹ ṣí kẹ́yìn, kó tọ́jú àwòrán kékeré rẹ̀ síbì kan tí ẹ kò lè ronú kàn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ti odidi dísìkì, kí ẹ tún ní àpótí nínú rẹ̀ fún èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí. Ẹni tó bá ń bá ẹni tó lè ṣe é ní jàǹbá gbé kò tilẹ̀ yẹ kó tọ́jú fáìlì náà sórí ẹ̀rọ yẹn rárá, bí ó bá ní ibòmíràn.

Bí kọ̀ǹpútà bá ti jí, tí ẹ sì ti wọlé, gbogbo rẹ̀ ti ṣí. Kòkòrò tó bá wọlé nígbà yẹn yóò ka ohun tí ẹ ń kà. Ransomware, kòkòrò tó máa ń ti fáìlì èèyàn kó tó béèrè owó ìtúsílẹ̀, yóò fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ti fáìlì tí ẹ ti tì tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́ rárá pé ẹ ti ṣáájú òun. Kọ̀ǹpútà tí ẹ kàn pa ìdérí rẹ̀ dé, tó ń sùn, ṣì ní kọ́kọ́rọ́ nínú RAM. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Princeton fi hàn ní ọdún 2008 pé ohun tó wà nínú RAM kì í parẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, àti pé bí a bá mú un tutù gan-an, ó máa ń pẹ́ tó kí ẹnì kan ka kọ́kọ́rọ́ láti inú rẹ̀. Olè lásán kò ní ṣe ìyẹn. Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rìnrìn àjò, ẹ pa á pátápátá. Fáìlì tí ẹ̀rọ ń gbé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ náà ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò dísìkì. Ètò bíi Cryptomator lè máa tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ó wá ku ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Stefan Thomas, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní San Francisco, ní bitcoin 7,002 tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lórí fíláàṣì IronKey kan. Ó ti sọ ìwé tó kọ pásíwọ́ọ̀dù fíláàṣì náà sí nù. Ìgbìyànjú mẹ́wàá ni IronKey yẹn fàyè gbà kó tó ti ara rẹ̀ pa títí láé, nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó ti lo mẹ́jọ. Iye tí bitcoin náà tó nígbà yẹn ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ. Kò sí olè nínú ìtàn yìí. Ààbò náà ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é láti ṣiṣẹ́.

Èyí ló mú kí n gbà pé kí pásíwọ́ọ̀dù dísìkì wà lórí ìwé. Àwọn kan máa ń lanu bí mo bá sọ ọ́, torí wọ́n ti kọ́ wa tipẹ́ pé a kì í kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ọ́fíìsì, níbi tí ìwé máa ń lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Nínú ilé, olè tó bá wọlé yóò gbé kọ̀ǹpútà, kò ní máa tú ìwé wò, bí ìwé náà kò bá ṣáà ti sí nínú àpò kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ẹ fi ọ̀kan sí ibi tí ìwé pàtàkì yín wà, kí ẹ fi èkejì sí ilé mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, nítorí iná àti omi kì í mọ ìwé pàtàkì yàtọ̀.

Ẹ̀dà fáìlì náà gbọ́dọ̀ wà. Dísìkì tí a tì a máa kú bí dísìkì mìíràn ṣe ń kú, yíyọ nǹkan jáde lára òkú rẹ̀ sì le ju ti dísìkì lásán lọ. Bí ẹ bá ń lo LUKS tàbí VeraCrypt, ẹ da header kọ síbòmíràn pẹ̀lú. Kò ju ìwọ̀nba kékeré lọ. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé ẹ̀dà header àtijọ́ ṣì ń gbọ́ràn sí pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́. Ẹni tí ẹ bá yí pásíwọ́ọ̀dù padà nítorí rẹ̀ lè ṣì wọlé bí ẹ̀dà yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni mo máa ń tì o. Ẹ̀dà àwòrán ẹbí tó wà lórí dísìkì ìta, gbangba ni mo fi í sílẹ̀, láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Ohun tó lè ṣe wọ́n ni kí wọ́n sọnù, kì í ṣe kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́ sì ń fi kún ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọnù. Ìwé owó, ìwé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà, ìwọ̀nyí wà lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ tí ẹni tó máa kù lẹ́yìn mi lè rí. Ìwé ojúmọ́ mi wà nínú àpótí mìíràn, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sì sí lórí ìwé kankan, nítorí ohun tí mo kọ nípa àwọn èèyàn níbẹ̀, fún ara mi ni mo kọ ọ́. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀, ó lọ nìyẹn. Mo ti rò ó, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí ẹ bá kọ fún ẹni tó máa kù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù lásán. Ẹ kọ orúkọ ètò tí ẹ fi tì í, ẹ kọ ibi tí dísìkì àti ẹ̀dà rẹ̀ wà, ẹ kọ ohun tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ẹni tí kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ló máa kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé ọ̀hún àti dísìkì ẹ̀dà fún ẹni náà gan-an, ẹ jókòó sápá kan láìsọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú láti ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ibi tó bá ti dúró tó sì wojú yín, ibẹ̀ ni ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ tún ibẹ̀ kọ, kí ẹ fi déètì sí i, kí ẹ sì da ti àtijọ́ nù sínú iná.